Ọmọ Ta Ni Ó Ṣe Èyí?

Bí ọmọdé bá kọjá níwájú àgbà nílẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, kò ní tíì kí "Okun o" tán tí ìbéèrè á ti dé: "Ọmọ ta ni ẹ́?" Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ìdáhùn ọmọ náà ló máa sọ bóyá wọ́n á bu iṣu sísun fún un, bóyá wọ́n á rán an níṣẹ́, tàbí wọ́n á ní kó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé àwọn ò tíì gbàgbé gbèsè yẹn o. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Kàbà, èmi náà sì ń bèèrè é lójoojúmọ́. Ó pẹ́ kí n tó kíyè sí i pé àwọn ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó jẹ́ pé tí mo bá ti bi wọ́n, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò.

Àwọn ọmọ àlejò ni. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀-oòrùn Kogí dáadáa mọ̀ pé àlejò ò wọ́n wa. Àwọn Tiv wà láti Benue, tí wọ́n ń gbin iṣu sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí. Àwọn Ẹ̀bìrà wà láti apá Òkene, a ti jọ ń ná ọjà tipẹ́. Àwọn Fúlàní ń da màlúù kọjá, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti dúró. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà ní Ọ̀bájànà, àwọn awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti ibi gbogbo ń wọ Kàbà, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà oníkìlómítà 43 tó so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ wa; àwọn kan kó ìyàwó àti ọmọ dání. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ ọmọ Okun bíi tiwa, tí àwọn ajínigbé lé kúrò lábúlé wọn ní Bùnú àti Yàgbà. Ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n, àmọ́ nínú ìlú tí wọ́n sá wọ̀, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí ní kíláàsì: ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé.

Nítorí irú àwọn ọmọ yìí ni mo ṣe dá ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́, sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa, àmọ́ èmi kọ́ ni mo ro ó jọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé, tó ti kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀, ọmọbìnrin òun kì í lanu nílé ẹ̀kọ́ rárá, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sín bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ jẹ. Olùkọ́ kan ló fà á wọ ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì. Láàárín oṣù díẹ̀, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ti ń bá èèyàn jiyàn lórí bí wọ́n ṣe máa ṣe apá tí rọ́bọ́ọ̀tì máa fi gbé bọ́ọ̀lù. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Àríyànjiyàn yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Ẹni tó bá mọ̀ pé ilé òun ni òun wà ló ń jiyàn."

Ó ṣàlàyé eré ìdíje náà fún mi. FIRST ni wọ́n ń pè é. Dean Kamen ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1989, ìdíje àkọ́kọ́ sì wáyé lọ́dún 1992 nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ kan ní New Hampshire, ẹgbẹ́ 28 ló wá. Ohun tó wọ̀ mí lára níbẹ̀ kọjá rọ́bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀. Nínú ìdíje àwọn ọmọ girama tó tóbi jù, ẹgbẹ́ mẹ́ta á para pọ̀ dojú kọ ẹgbẹ́ mẹ́ta, ẹni tí ẹ jọ wà lápá kan láàárọ̀ sì lè di alátakò yín lọ́sàn-án. Nítorí náà, kò sí ẹni tó jẹ́ fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín láàárọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́jà lèyí: a kì í bú ẹni tí a ṣì máa yá lówó.

Ó tún sọ ìtàn kan tí mo lọ yẹ̀ wò fúnra mi. Lọ́dún 2004, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin láti Carl Hayden High School ní Phoenix, Arizona, lọ bá àwọn ọmọ yunifásítì díje ní Santa Barbara, lórí rọ́bọ́ọ̀tì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi. Mexico ni wọ́n ti gbé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ní kékeré, èyí tó pọ̀ nínú wọn ò sì ní ìwé ìgbélùú. Páìpù omi ni wọ́n fi ṣe tiwọn, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ sì ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ rọ́bọ́ọ̀tì náà ní Stinky. Nígbà tí omi ń wọ inú àpótí tí wáyà wà, ohun tí obìnrin ń lò lásìkò nǹkan oṣù ni wọ́n kì bọ inú rẹ̀ láti fa omi gbẹ. Wọ́n gba ipò kìíní, ẹgbẹ́ MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, wà lẹ́yìn wọn. Mo ka ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì. Ẹ̀rín ni wọ́n rín débi ohun tí obìnrin ń lò. Ọmọbìnrin Ẹ̀bìrà kan tó wà lẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè pé ta ló mú àbá yẹn wá.

Ọ̀rẹ́ mi di páálí kan ránṣẹ́. Bọ́ọ̀dù Arduino méjì, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kékeré tó ń darí rọ́bọ́ọ̀tì, wà níbẹ̀, táyà oníke mẹ́rin pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kéékèèké tó ń yí wọn, wáyà aláwọ̀ oríṣiríṣi, àti ojú rọ́bọ́ọ̀tì méjì, àwọn tó ń fi ohùn tí etí èèyàn ò lè gbọ́ wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, láti sẹ̀ǹtímítà 2 títí dé bíi mítà 4. Mo fi kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kún un, ó ti gbó jù mí lọ. Ọjọ́ Wẹ́sídeè lẹ́yìn ìjáde ni a fi sí. Ọmọ mẹ́rìndínlógún ló fi orúkọ sílẹ̀.

Ibí ni àṣìṣe mi wà, n ò sì ní fi ewé bò ó. Mo pín iṣẹ́. Àwọn tí mo fi sídìí kọ̀ǹpútà àti bọ́ọ̀dù, ọmọ ìlú ni gbogbo wọn. Àwọn tó ń gbé tábìlì, tó ń gbálẹ̀, tó ń di páálí mú kí rọ́bọ́ọ̀tì lè rí ògiri, àwọn ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì yẹn ni. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ ibi. Ohun tí mo ń rò lọ́kàn ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́, mo mọ ilé tí mo máa gbà lọ: ọmọ ta ni, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tí n ò mọ bàbá rẹ̀, n ò lè fi bọ́ọ̀dù lé e lọ́wọ́. Bí àṣà tó dára ṣe ń di ìkà lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn, láìsí ariwo.

Rọ́bọ́ọ̀tì wa àkọ́kọ́, pákó pẹlẹbẹ kan ni, táyà méjì lẹ́yìn, ọ̀kan tó ń yí gbirigbiri níwájú. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó rìn, kó rí ògiri, kó yà. Tí a bá tanná sí i, á rìn bí ìgbésẹ̀ ọmọ ìrákòrò méjì, iná orí bọ́ọ̀dù á ṣẹ́jú, á dúró. Á tún bẹ̀rẹ̀. Á tún dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi bá kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún rọ́bọ́ọ̀tì, jà. A pa á rẹ́, a tún un kọ, epo jẹnẹrétọ̀ sì ń tán lápò èmi nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ Tiv kan tó ti ń di páálí mú láti ọjọ́ kìíní sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń di páálí yẹn mú.

"Sà, pọ́ńpù bàbá mi máa ń ṣe báyìí."

"Pọ́ńpù wo?"

"Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fín koríko. Tí bátìrì rẹ̀ bá ti fẹ́ kú, tí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, iná rẹ̀ á dára. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ pé kó tu oògùn, iná á lọ."

Kí n má parọ́, inú bí mi díẹ̀. Mo ní tuntun ni bátìrì yìí, 9 volt ni wọ́n kọ sí i lára, òun ló sì wà nínú rẹ̀, mo ti fi mítà wọ̀n ọ́n. Ọmọ náà gbé páálí sílẹ̀, ó wá fi ìka kan bátìrì náà. "Ó gbóná, sà. Volt rẹ̀ pé, àmọ́ kò lè gbé ẹrù."

Ìdènà inú bátìrì. Ó wà nínú ìwé. WAEC máa ń béèrè é. Ọdọọdún ni mo ń ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó, tí mo ń ṣírò rẹ̀, tí mo ń lù wọ́n lórí rẹ̀. Bátìrì onígun mẹ́rin kékeré yẹn, rédíò àti aago tó ń ké bí èéfín bá wà nílé ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ́ńjìnnì méjì bá jọ fà á lẹ́ẹ̀kan náà, agbára rẹ̀ á wólẹ̀ lójijì, bọ́ọ̀dù á kú, á tún jí, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Gbogbo ohun tí mo nílò láti mọ ìyẹn wà lórí mi. Ọmọ tó ń di páálí ló rí i, nítorí ó ti gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn.

Ní Wẹ́sídeè kejì, ó mú ọ̀rá dúdú kan wá. Bátìrì rogodo méjì ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn atúnrédíòṣe ń yọ lára bátìrì kọ̀ǹpútà tó ti kú, tí wọ́n ń tà fún àwọn àgbẹ̀ láti fi ṣe tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, 3.7 volt. A so méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jó léèdì mọ́ ara irú bátìrì bẹ́ẹ̀ o, ó lè gbiná. Àpótí tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà lọ́jà.) Nígbà tí a tanná, rọ́bọ́ọ̀tì náà bẹ́ jáde lórí tábìlì bí ewúrẹ́ tó já okùn, ó ṣubú, táyà kan yọ, ó sì ń yí kiri nílẹ̀. Ariwo tí àwọn ọmọ pa, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sáré wá wò ó bóyá ejò ni.

Láti ọjọ́ yẹn, mo yí ètò padà. Ẹni tó bá ṣe wáyà lọ́sẹ̀ yìí, kóòdù ló máa kọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó fi í sílẹ̀ ló sì máa kọ́ ọ. Gbogbo ènìyàn ló ń gbálẹ̀, èmi pẹ̀lú. N kò sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ìfẹ́ tàbí ìṣọ̀kan. A ti gbọ́ ìyẹn lórí ìlà àárọ̀ títí ó fi ṣú wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èdè ló yà mí lẹ́nu jù. Gẹ̀ẹ́sì ni kóòdù, àmọ́ kò sí ọmọ tó lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ yé. Ọmọbìnrin Ẹ̀bìrà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, tó mọ ìwé jù nínú gbogbo wọn, kò yé ẹni tó ń kọ́ nígbà tó sọ "if" àti "else". Ó wá mú un lọ sí ìta, ó fi àpẹẹrẹ ìyá rẹ̀ tó ń ta ata lọ́jà Kàbà ṣe é: "Tí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á kó ata wọlé, tí kò bá rọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀. Màmá mi ò lè kó o wọlé kó tún fi í síta." Ọmọ náà lu orí ara rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ Okun ti ń fi Tiv bú rọ́bọ́ọ̀tì tó kọ̀ láti yà, èébú nìkan ló sì mọ̀ nínú èdè náà. Ìyẹn náà ní àyè tirẹ̀. N kò tíì rí ẹni tí wọ́n fi èdè rẹ̀ bú nǹkan tí kò wú u lórí.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni mo rí dì mú. Ọmọ Fúlàní kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ dára jù níbi ká jó wáyà pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n rárá. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé omi lọ, òun náà sì lọ. Súkúdiráfà kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó lọ. N ò bínú sí i.

Àwọn ará ìlú ò bìkítà fún rọ́bọ́ọ̀tì tó ń yà fún ògiri, wọn ò sì jẹ̀bi. Ohun tó kàn wọ́n ni omi. Bọ́hóòlù kan wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wa, tó ń fa omi sínú táńkì gíga. Tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá tan jẹnẹrétọ̀ tán, á lọ jókòó síbi ayò, omi á kún, á máa ya sílẹ̀, epo tí àwọn obìnrin dá owó rà á sì máa jó lọ. Àwọn ọmọ ní àwọn lè mú un ké. Ojú rọ́bọ́ọ̀tì kan náà tó ń wọn ògiri ni wọ́n kọ́ sábẹ́ ìdérí táńkì kó máa wo omi. Bí omi bá gòkè tó ku díẹ̀ kó kún, fèrè á ké. Ó ké bí ọmọ tí ebi ń pa, ó gbọ́ dé ìdí ayò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ooru omi bo ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́, ó ń ké lórí táńkì òfìfo. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà tó wá dúró nígbẹ̀yìn kò ní kọ̀ǹpútà nínú rárá: ike tó léfòó lórí omi, tó ń tẹ súwíìṣì. Ọmọ tó sá wá láti Bùnú ló mú àbá yẹn wá, inú mi sì dùn sí i ju ti ìṣáájú lọ.

Ọjọ́ àfihàn ni àwọn òbí wá. Nínú ìdílé àwọn ọmọ àlejò, n kò rí òbí kan rí ní ìpàdé wa tẹ́lẹ̀, mo sì máa ń sọ pé wọn ò ka ìwé ọmọ wọn sí. Wọ́n wá. Ìyá aláta ti ọjà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ méjì. Bàbá ọmọ Tiv wá lórí ọ̀kadà, ó wọ ẹ̀wù àǹgà wọn aláwọ̀ dúdú àti funfun, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

Bàbá olóyè kan jókòó níwájú. Nígbà tí rọ́bọ́ọ̀tì yà fún ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò kọlù ú, bàbá gbé ẹsẹ̀ sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ ta ni ó ṣe èyí?" Àwọn ọmọ ti ọmọ Tiv yẹn síwájú. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀. Olóyè ò mọ̀ ọ́n. Ó ní níbo ni wọ́n ń gbé. Ọmọ náà sọ ọ́. Olóyè dákẹ́ díẹ̀, nítorí ilẹ̀ ìdílé tirẹ̀ ni oko náà wà, ọdún keje sì nìyẹn tí ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti ń gbé iṣu ìṣákọ́lẹ̀ wá fún un. Ó yíjú padà, ó rí i. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni? Ń ò mọ̀ pé o bí ọmọ." Wọ́n gbé àga wá. Àwọn méjèèjì jókòó, ọ̀rọ̀ iṣu ni wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, kò kan rọ́bọ́ọ̀tì mọ́.

Ẹni tó bá rò pé àga yẹn tán gbogbo ọ̀rọ̀ kò mọ Nàìjíríà. Nígbà tí ọmọ náà jáde girama, mo bá a gba fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá. Ọ́fíìsì tó wà níhìn-ín sọ pé Benue ni kó ti lọ gbà á. Àwọn ti ọ̀hún ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, nítorí níhìn-ín ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀ka 42 nínú ìwé òfin 1999 ní a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ibi tí orírun rẹ̀ wà. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo mú un lọ. Akọ̀wé náà kà á, ó yìn mí fún ìwé kíkà, ó sì dá a padà fún mi. Mo rántí Oscar Vazquez, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Phoenix yẹn. Ó gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Arizona State University lọ́dún 2009, síbẹ̀ ó ní láti padà sí Mexico kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ ìwé ìgbélùú, ọdún 2010 ni wọ́n tó gbà á padà, ó sì wọ iṣẹ́ ológun ilẹ̀ tó ti kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì lè jẹ́ kí ìlú mọ ojú ọmọ. Kò lè bá a fọwọ́ sí ìwé.

Fọ́ọ̀mù yẹn kọjá wa. Ọmọ náà wà ní Kàbà báyìí, lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ iná òòrùn ṣe, ó ń kówó jọ fún JAMB. Olóyè wa ló bá a gba yàrá tó ń gbé, òun ló sì dúró fún un lọ́dọ̀ onílé. N kò rán an níṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí pé fèrè táńkì ti kú. Mo mú páláyà àti téépù, mo lọ. Kí n tó débẹ̀, ọmọ méjì ti wà lókè àkàbà: àbúrò ọmọbìnrin Ẹ̀bìrà yẹn, àti ọmọ ọmọ bàbá olóyè. Wọ́n ń jà lórí wáyà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tú, pupa ni tàbí dúdú. Àwọn obìnrin tó gbé korobá sílẹ̀ nísàlẹ̀ ń pariwo pé kí wọ́n ṣáà tètè ṣe é. Mo dúró díẹ̀. Dúdú ni. Àbúrò ọmọbìnrin Ẹ̀bìrà ló sì wí bẹ́ẹ̀. Mo kó páláyà mi, mo padà sílé.